Màmá àgbà wa ò fẹ́ kúrò nílé, ẹsẹ̀ ò sì gbé wọn dáadáa mọ́. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti lé ní 80 ọdún. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kánádà, èmi wà l'Ékòó, Sátidé nìkan ni mo sì ń ráyè lọ wò wọ́n.

Orí Màmá pé pérépéré. Wọ́n mọ iye tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan jẹ, wọ́n mọ ẹni tí kò wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Wọ́n ṣì ń dá ọbẹ̀ sè. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rù, orúnkún ń dùn wọ́n, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbé ìkòkò. Lóṣù tó kọjá wọ́n ṣubú ní báluwẹ̀ lóru. Orí bẹ́ẹ̀dì ni fóònù wà, ilẹ̀kùn sì wà ní títì, ni wọ́n bá wà nílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń bá wọn fọṣọ ló rí egbò ní ìgbọ̀nwọ́ wọn.

Ẹbí ti ṣèpàdé lórí WhatsApp. Ọmọ wọn ní ká wá ilé ìtọ́jú arúgbó, òun á máa sanwó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n kó wọn wá sọ́dọ̀ mi, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo sì ń gbé, kò sí lifitì. Àbúrò mi ní òun mọ ọmọbìnrin kan lábúlé tó lè máa bá wọn gbé. Màmá ní tiwọn ní, "Ẹ má sọ mí di ẹrù tẹ́ ẹ̀ ń gbé kiri." Kí lẹ rí sí i?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ẹ tó wá ibi tí Màmá máa gbé, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó mú wọn ṣubú. Ẹlòmíì ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó bá dìde lójijì lórí bẹ́ẹ̀dì, òòyì á kọ́ ọ. Ẹlòmíì ń lo òògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, tó bá lò ó lálẹ́, á máa dìde lóru ṣáá. Òògùn oorun ní tiẹ̀ kò dáa fún arúgbó rárá. Ẹ kó gbogbo òògùn wọn sínú láílọ́ọ̀nù kan, títí kan àgbo àti èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ilé ìwòsàn UCH tó wà n'Íbàdàn níbẹ̀ ní ibùdó fún àwọn arúgbó, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, láti 2012 ló ti wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú wọn wò pẹ̀lú.

Ẹ lè dá nǹkan kan wò nílé. Kí Màmá jókòó sórí àga, kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn mítà 3, kí wọ́n yí padà wá jókòó. Bó bá gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tún lè ṣubú.

Bàbá Ìbejì: Ilé arúgbó kẹ̀? Ẹni tó pọ̀n yín sẹ́yìn! Ayé mà ti bàjẹ́ o.

Ìyá Ṣómólú: Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ wẹ̀ fún wọn? Ẹgbẹ́ wa máa ń lọ sí Regina Mundi ní Mushin, ìjọ Kátólíìkì ló ni ín, àwọn tí mo rí níbẹ̀ ò jọ ẹni tí wọ́n gbé sọ nù. Ṣùgbọ́n Màmá tó ń fúnra ẹ̀ gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, kò tíì kan ibẹ̀. Ó di ìgbà tí wọn ò bá lè dá dìde mọ́, tàbí tí wọ́n bá ń jáde lóru láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má kó wọn wá sí Èkó o. A gbé bàbá mi láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Lekki. Iná ò lọ, ẹran kún fíríìjì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń yà kí wọn. Tẹlifíṣọ̀n ni láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí nílé, ó wú ní Lekki. A dá wọn padà.

Ọmọ Peckham: Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní London níbí. Bí arúgbó bá ṣì lè dá nǹkan ṣe, wọn kì í sáré gbé e kúrò nílé ẹ̀. Kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibí, á rán èèyàn wá wo ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, lẹ́yìn náà làwa á máa yà síbẹ̀, láàárọ̀ ká bá a wẹ̀, lálẹ́ ká rí i pé ó ti wọ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, wọ́n á fún un ní nǹkan kan tó máa so kọ́rùn, tó bá ṣubú á tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan á dá a lóhùn.

Ẹ lè ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀ n'Íbàdàn láìsí kánsù. Iná kékeré tó ń lo bátìrì láti bẹ́ẹ̀dì dé báluwẹ̀, pó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì nínú àpò tí wọ́n á gbé kọ́rùn, kí ẹnìkan ládùúgbò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ ìdè ilẹ̀kùn báluwẹ̀ yẹn kúrò lónìí.

Ìyá Ìlaròó: Ọmọbìnrin abúlé yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni? Bó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ fi í sílẹ̀ kó lọ síléèwé. Kò lè gbé Màmá nílẹ̀, ẹkún ló máa bú sí.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi Màmá fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹni tó máa sùn sílé àwọn, tí á máa ṣí ìkòkò wò. Ṣùgbọ́n ìyàwó ayálégbé ìsàlẹ̀, onídìrí, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Òun ló ń bá wọn pọn omi. Ṣé a lè yọ nínú owó ilé wọn kó máa yà wò wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́?

Lọ́yà Ẹgbẹ́: Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iṣẹ́ wo, ìgbà wo, èló lẹ yọ. Kó hàn nínú ìwé náà pé ayálégbé ṣì ni wọ́n, kó má di pé bí Màmá bá ti kú, wọ́n á ní Màmá ti fi ilé ta àwọn lọ́rẹ. Irú ẹjọ́ yẹn pọ̀ ní kóòtù. Ẹ sì fún un lọ́jọ́ ìsinmi. Sátidé ni ọjà onídìrí, ẹ̀yin náà sì ní Sátidé lẹ máa ń wá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó dìde. Kó má fà wọ́n lápá. Kí Màmá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n di àga mú. Bí ìbàdí bá ń ro wọ́n, tàbí ẹsẹ̀ kan dà bí ẹni pé ó kúrú ju èkejì, kó má gbé wọn rárá, kó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ọmọ wọn ti gbà, owó tó fẹ́ fi san ilé arúgbó ló máa fi tún báluwẹ̀ ṣe. Màmá ní bí ẹ bá máa kan irin, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọ́ táìlì àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bíríkìlà gidi ní agbègbè Òkè-Àdó tàbí Mọ́lété?

Bàbá Ìbejì: Mo mọ ẹnìkan ní Mọ́lété, ẹ wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í o. Irin tó máa gbé èèyàn ró, inú búlọ́ọ̀kù ló gbọ́dọ̀ wọ̀, kó má lọ fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ táìlì.