Kọ́ńgò tí mo fi ń wọn gàrí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin onígbàgbọ́

Ìyá Gàrí Ìṣọ̀kùn:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Iléṣà ni mò ń gbé, gàrí ni mò ń tà, ó sì ti lé ní ọdún 15. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò lè sọ ní ìsọ̀, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn la jọ ń tà.

Gbogbo ẹni tó ń ra oúnjẹ lọ́jà ló mọ kọ́ńgò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé tí àwa kan bá ra kọ́ńgò tuntun, a ó kọ́kọ́ gbé e fún ẹni tó máa fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lójú oníbàárà, kọ́ńgò kún, ó tún gún ṣóńṣó lórí, a tún fi èènì sí i. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti gòkè. Ẹni tó kọ́ mi lówò ló bá mi lu tèmi lọ́jọ́ tí mo gbòmìnira, mi ò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ rí. Mò ń lọ sípàdé àdúrà, mò ń gbààwẹ̀, mò ń san ìdámẹ́wàá. Inú owó kọ́ńgò yẹn náà ni mo ti ń san án.

Ọmọ mi obìnrin ló ṣí mi lójú. Ó wà ní JSS 2. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo ní kó wọn kọ́ńgò 9 ní ìsọ̀ kó gbé e lọ sílé. Nígbà tó délé tó fẹ́ dà á sínú ike, kọ́ńgò ilé tí a fi ń se oúnjẹ ló fi wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 8. Ó tún un wọ̀n, 8 náà ni. Kí n tó wọlé lálẹ́, ó ti ń sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò dà á nù lọ́nà o, mi ò sì fún ẹnikẹ́ni." Ó rò pé màá pe òun lólè. Ẹ̀yin ará, èmi ìyá rẹ̀ ni mo ja olè náà, ọmọ ló ń bẹ̀rù. Mi ò sùn mọ́jú. Orí kọkànlá ìwé Òwe, níbi tó ti sọ̀rọ̀ ìwọ̀n èké, mo ti kà á láìmọye ìgbà, àfi bíi pé òru yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́.

Mo ra kọ́ńgò tuntun nígbà tílẹ̀ mọ́, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni lù. Ó di oṣù méje báyìí. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àpò kan tí mo rà láti oko, pẹ̀lú owó mọ́tò, ₦46,000 ni. Kọ́ńgò àtijọ́ máa ń mú 45 jáde nínú rẹ̀, ní ₦1,200, ó di ₦54,000. Kọ́ńgò tuntun ń mú 40 péré, ₦48,000. Èrè ₦8,000 ti di ₦2,000. Bíríkìlà ni bàbá wọn, iṣẹ́ kì í wá lójoojúmọ́. Mo ti yẹ àjọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún ẹnìkan tí mo bọ̀wọ̀ fún níbi àdúrà, ó ní ọgbọ́n ọjà lásán ni, Ọlọ́run mọ ọkàn mi, kí n má dán an wò.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé òótọ́ ni pé mò ń dán Ọlọ́run wò? Àti àwọn tí mo ti rẹ́ jẹ láti ọdún 15, kí ni kí n ṣe sí tiwọn?

Ọmọ Òkè-Oòyè:

Ẹ kú ìfaradà, Mà. Òkè-Oòyè níbí ní Iléṣà ni wọ́n ti bí mi, ilé wa ò sì jìnnà síbi tí ìsọjí ọdún 1930 ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìtàn Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá tó ṣáájú ìsọjí náà, pé ọkọ̀ tí ń tẹ títì ló ń wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́dún 1928 nígbà tó gbọ́ ìpè, tó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Iṣẹ́ ìyanu ni àwa ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá bàbá mi máa ń tẹnu mọ́ ni iná. Àwọn èèyàn ń kó oògùn wọn wá, wọ́n ń sun ún. Ìyá ní ẹlòmíì á gbé ońdè ọmọ rẹ̀ dání, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, torí tó bá ti jóná, kò sí nǹkan mìíràn tó lè sá bá nílé mọ́. Ọlọ́run nìkan ló kù.

Mà, bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kọ́ńgò yẹn ni àwúre ọjà tiwa. Òun la gbọ́kàn lé pé kò ní jẹ́ kí ebi pa wá. Ẹni tó ní ẹ̀ ń dán Ọlọ́run wò, mo bẹ̀ ẹ́, kò rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹ kò ní kí Ọlọ́run ṣe àrà kankan. Ẹ kàn sun ońdè ni.

Akáǹtì Lágere:

Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, ìṣirò owó niṣẹ́ mi. Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohun kan. Kọ́ńgò tí ẹ̀ ń lò báyìí tóbi ju tàwọn yòókù lọ, síbẹ̀ iye kan náà lẹ̀ ń tà á. Ẹ pín ₦54,000 sí 40, ₦1,350 ni. Iye tí àwọn èèyàn ń san fún ojúlówó kọ́ńgò lọ́jà yín nìyẹn láìmọ̀. Ẹ fi iye tòótọ́ sórí ìwọ̀n tòótọ́. Ìgbàgbọ́ ò ní kéèyàn tajà tó ń jẹ gbèsè.

Tí wọ́n bá ní ó wọ́n, ẹ gba kọ́ńgò ẹnìkejì yín, kí ẹ da tiyín sínú rẹ̀ lójú wọn. Yóò kún dànù.

Ìyá Elépo:

Ọmọ mi, má gba kọ́ńgò ẹnikẹ́ni o. Akáǹtì, o ṣeun, ìṣirò rẹ dára, ṣùgbọ́n o kò tíì jókòó lọ́jà rí. Tó bá da gàrí sínú kọ́ńgò aládùúgbò rẹ̀ lójú oníbàárà, ìjà ló dá sílẹ̀, obìnrin yẹn náà sì lọ́mọ nílé. Ìwọ náà lu kọ́ńgò fún ọdún 15, Ọlọ́run ò tú ọ síta lọ́jà. Kọ́ńgò ilé rẹ ni kí o gbé wá, kí o fi tìrẹ wé e, kí ẹnu rẹ má kan ti ẹlòmíràn.

Ẹni ọdún 71 ni mí, epo pupa ni mo tà. Nígbà tí mo jáwọ́ nínú bíbomi là á, mo ń retí pé Ọlọ́run á tètè fi ìlọ́po san án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jìyà, mo ta aṣọ òkè tí mo fi ṣègbéyàwó. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi èrè tàn ọ́ wọnú òdodo. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta inú ìwé Dáníẹ́lì sọ fún ọba pé Ọlọ́run lè gba àwọn, wọ́n sì fi kún un pé bí kò bá tiẹ̀ gbà wọ́n, àwọn ò ní wólẹ̀. Gbólóhùn kejì yẹn ni mo fi gbé ọdún mẹ́ta náà.

Ti gbèsè àtẹ̀yìnwá, Sákéù agbowó-òde inú Bíbélì ní òun máa san án padà fún ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. Àwọn tí ìwọ náà bá mọ̀, lọ bá wọn. Àwọn tí o kò mọ̀, máa fi oúnjẹ wọn fún aláìní.

Ìyá Gàrí Ìṣọ̀kùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá, mo ka tiyín sókè fún bàbá wọn, ó dákẹ́ títí, ó ní kí n tún un kà.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń tà á ní ₦1,350, kọ́ńgò ilé sì wà lórí tábìlì. Àwọn kan ń gbọ́ iye, wọ́n ń kọjá lọ. Àpò méjì ni mo ń tà lọ́sẹ̀ báyìí, mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀. Ìyá oúnjẹ kan wà tó ti ń rà lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́fà. Mo lọ bá a lọ́jọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo ti ń ṣe fún un, mo gbé kọ́ńgò 10 dání. Ó gbà á, ṣùgbọ́n inú bí i gidi, kò tíì padà wá rà. Mi ò bá a wí. Mò ń gbàdúrà fún un láràárọ̀.

Ọmọ mi ní ká má ta kọ́ńgò àtijọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Omi adìyẹ ló ń fi í bù.