Sínóò ń ya lulẹ̀ látorí páànù wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn
Ẹ jọ̀ọ́ o, òrùlé wa páànù ni, ó ń yọ̀, ó tún da gẹ̀rẹ́. Láti ìjẹta tí ooru ti dé díẹ̀, mo kàn ń wò ó lójú fèrèsé ni, sínóò á rọra sún wá sétí òrùlé, omi á máa kán lábẹ́ ẹ̀, kó o tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ gbogbo ẹ̀ á ya lulẹ̀ gbìì! Ó dùn-ún wò, mi ò ní parọ́, àmọ́ iwájú ilẹ̀kùn gan-an ló ń bọ́ sí, ó sì ti fa gọ́tà ya lápá kan.

Mo fi ọ̀pá gígùn wọ́ ọ látìsàlẹ̀, etí nìkan lọ́wọ́ mi ká. Wọ́n ní kí n da iyọ̀ sí i, mi ò dà á, kó má lọ jẹ́ kí páànù dípẹtà. Ẹ̀yìnkùlé la ń gbà wọlé báyìí.

Mo ti rí àwọn irin kéékèèké tí wọ́n ń kàn mọ́ òrùlé kó lè di sínóò mú títí táá fi yọ́. Ṣé ìlà kan létí òrùlé lókè ilẹ̀kùn ti tó, àbí kí n tò ó ní ìlà-ìlà dókè?