Ásẹ́níkì wà nínú omi kànga ilé wa, omi yìí la sì fi ń po mílíìkì ọmọ

Ìyá Ìtùnú béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Lọ́dún tó kọjá ni èmi àti ọkọ mi ra ilé kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ní ìletò kan tí omi ẹ̀rọ ìlú kò dé, tó fi jẹ́ pé kànga jíjìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu wọ inú àpáta ni ilé kọ̀ọ̀kan ń lò. Wọ́n yẹ omi náà wò fún kòkòrò àrùn kí a tó sanwó, wọ́n sì ní kò sí ìṣòro. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni aládùúgbò wa kan bi mí bóyá a ti yẹ ásẹ́níkì, májèlé kan tó máa ń yọ́ láti inú àpáta sínú omi, wò. Mo gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, èsì sì dé lánàá pé máíkírógíráàmù 23 ló wà nínú lítà kan.

Ohun tó kó ìpayà bá mi jù ni ọmọ wa, ọmọ oṣù márùn-ún. Kò mu ọmú. Mílíìkì alágolo ló ń mu, omi yìí la sì fi ń pò ó láti ọjọ́ tí a ti bí i. Màmá ọkọ mi, tí wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa wẹ ọmọ, máa ń gbé omi náà kaná fún bí ogún ìṣẹ́jú títí yóò fi fà, wọ́n á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú fúláàsìkì. Wọ́n ní omi tó mọ́ gaara báyìí, tí kò rùn, tí kò sì korò, kò lè ní májèlé nínú. Ǹjẹ́ síse náà tó? Ṣé a lè máa fi omi yìí wẹ ọmọ? Ṣé a ti ṣe é léṣe ná?

Ìyá Ìbejì (Maine) fèsì:

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ lọ ra omi inú ike lálẹ́ òní fún mílíìkì ọmọ, kí ẹ sì bẹ màmá kí wọ́n má gbé omi kànga kaná mọ́. Iná ń pa kòkòrò àrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ásẹ́níkì kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí tí iná lè pa. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí iná: omi rẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ á sì le sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi yín. Bí ó bá fà dé ìdajì, 23 yẹn á di 46.

Ẹ lè máa fi wẹ ọmọ, nítorí ásẹ́níkì kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ara wọlé, kí ẹ ṣáà rí i pé kò gbé e mì. Ẹ lè fi fọ aṣọ pẹ̀lú. Mímu àti oúnjẹ síse ni ọ̀rọ̀ wà.

Láti oṣù kìíní ọdún 2006 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí ásẹ́níkì inú omi ẹ̀rọ ìlú má kọjá máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, nígbà tó jẹ́ pé 50 ni wọ́n ń gbà láàyè tẹ́lẹ̀. New Hampshire tiẹ̀ sọ ọ́ di 5 lọ́dún 2021. Ibi tó dùn mí sí ni pé àwọn òfin yìí kò kan kànga inú ilé ẹni. Ẹni tó ni ilé ló ni wàhálà.

Ọ̀gbẹ́ni Olómi fèsì:

Iṣẹ́ omi ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Inú àpáta ilẹ̀ yẹn gan-an ni ásẹ́níkì ti ń yọ́ sínú omi. Kì í ṣe pé ẹnì kan da nǹkan sí kànga yín. Àmọ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn pàápàá kò mọ́. Láti bí ọdún 1920 títí wọ àwọn ọdún 1950, àwọn àgbẹ̀ agbègbè yẹn ń fín oògùn kòkòrò tí wọ́n fi ásẹ́níkì ṣe sí oko ápù àti pòtétò. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016 lórí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ní Maine, Vermont àti New Hampshire rí i pé, láàárín àwọn tó ń mu omi kànga tí kò jìn kí ó tó di ọdún 1960, ewu àwọn tó mu ún jù tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó mu ún kéré jù.

Ní ti asẹ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jọ́ọ̀gì aléèédú tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà. Kò wúlò tó fún ti yín. Èyí tí a ń pè ní reverse osmosis, tí wọ́n máa ń so sábẹ́ síńkì ilé ìdáná, lè ṣe é. Ṣùgbọ́n oríṣi ásẹ́níkì méjì ló wà nínú omi, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń yọ́ gba inú asẹ́ kọjá bí a kò bá kọ́kọ́ fi kílórínì tàbí nǹkan mìíràn yí i padà. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ilé àyẹ̀wò sọ oríṣi tó wà nínú tiyín kí ẹ tó náwó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá so asẹ́ náà tán, ẹ tún omi yẹ̀ wò, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Mo ti rí asẹ́ olówó gọbọi tí kò ṣe nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì:

Ẹ fi ọkàn balẹ̀ díẹ̀, ìyá ọmọ. Ìpalára ásẹ́níkì inú omi sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ọdún: àmì dúdú àti funfun tó tò sára bí ìgbà tí òjò wọ́n síni lára, awọ tó le gbagidi ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà jẹjẹrẹ awọ, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀. Bí ó ṣe rí nìyẹn ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ àìmọye kànga ẹlẹ́rọ láti àwọn ọdún 1970 kí àwọn ènìyàn lè bọ́ lọ́wọ́ omi adágún tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tó sì di ọdún 1993 kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ pé ásẹ́níkì wà nínú omi náà. Wọ́n wá ń kun ẹnu kànga ní pupa tàbí àwọ̀ ewé kí àwọn ìyá lè mọ èyí tí wọn yóò pọn. Ọ̀rọ̀ màmá yín pé omi mọ́ gaara, ohun tí gbogbo wọn rò nìyẹn.

Oṣù márùn-ún kò tó ogún ọdún, ara sì ń fi ìtọ̀ lé èyí tó pọ̀ jù jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ń dàgbà lọ́wọ́, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ lọ́la. Bí dókítà bá ní kí ẹ̀yin àgbà yẹ ìtọ̀ wò, ẹ dáwọ́ ẹja, edé àti pánla dúró fún ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, nítorí ásẹ́níkì inú ẹja jẹ́ oríṣi mìíràn tí kì í pani lára, ṣùgbọ́n tó lè mú kí èsì náà ga lásán.

Ìyá Ìtùnú fèsì:

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Ó ku méjì. Mo gbọ́ pé ásẹ́níkì wà nínú ìrẹsì náà. Ẹ̀ẹ̀kejì, pákó àtijọ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ewé, tó ya kúrò lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ni màmá fi ṣe ọgbà tí wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí.

Ọ̀gbẹ́ni Olómi fèsì:

Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn bá ti wà ṣáájú ọdún 2004, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pákó tí wọ́n fi oògùn oní-ásẹ́níkì tọ́jú kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ìparí ọdún 2003 ni àwọn tó ń ṣe é dáwọ́ dúró fún lílò ní àyíká ilé gbígbé. Oògùn náà ń ro sínú ilẹ̀. Ẹ kó pákó náà kúrò, ẹ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ ọgbà náà, ẹ má sì dáná sun pákó yẹn láé, nítorí ásẹ́níkì á wà nínú èéfín àti eérú rẹ̀.

Ní ti ìrẹsì, ọ̀nà àwọn ìyá wa dára: ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, ẹ da omi náà nù. Bí omi bá tó ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá ìrẹsì, ó lè dín ásẹ́níkì rẹ̀ kù ní ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n omi tí kò ní ásẹ́níkì ni kí ẹ lò, torí ìrẹsì á fa èyí tó wà nínú omi kànga yín mu.

Ìyá Ìtùnú fèsì:

Màmá ti da omi inú fúláàsìkì nù. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá kí omi inú ike náà hó kí a tó fi po mílíìkì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì:

Bẹ́ẹ̀ ni, kí ó hó. Kí wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n po mílíìkì náà kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó tutù dáadáa kí ọmọ tó mu ún. Kò sí ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀.