Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, wọn ò fẹ́ kí n di profẹ́sọ̀

Olùkọ́ Àkáífù: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Látìgbà tí mo ti di asóṣíéètì profẹ́sọ̀ ní ẹ̀ka làíbìrì àti àkáífù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àtijọ́ sí, èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì táwọn tó kù ń sá fún, ọmọ tí mo kọ́ ní máàsítà gan-an ti di profẹ́sọ̀ níbòmíì. Fáìlì mi wá dé iwájú ìgbìmọ̀, ará físíìsì kan láàárín wọn ní kí ni profẹ́sọ̀ ń wá nídìí ìtò ìwé. Ìtò ìwé! Wọ́n tún ti kó ọ́fíìsì mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni àbí kí n pè wọ́n lẹ́jọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Pépà mélòó lẹ ní lẹ́yìn ìgbéga tó kẹ́yìn? Jọ́nà wo ló gbé wọn jáde? Kí làwọn tó yẹ iṣẹ́ yín wò láti ìta sọ? Ẹ ò sọ ìkankan.

Aláìbẹ̀rù: Ohun tójú tèmi rí ju èyí lọ. Ọ̀gá kan jókòó lé fáìlì mi títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìgbà tẹ́lòmíì dé ló tó jáde. Ẹ má pe ẹjọ́ o, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Olùkọ́ Àkáífù: Ẹjọ́ nìkan ni wọ́n máa gbọ́! Ìyá Ìbejì, pépà mi ò pọ̀ bíi tàwọn tó kù torí iṣẹ́ ńlá ni mo gbájú mọ́, àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ tó kún inú àpótí láìní àmì kankan, èmi ni mo tò ó tí mo sì kọ ìwé atọ́nà rẹ̀ látòkèdélẹ̀, èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ìtàn ń lò ó dòní. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ìwádìí.

Alákàtálọ́ọ̀gì: Ẹ má bínú mà, ṣebí kátálọ́ọ̀gì náà nìyẹn. Ojoojúmọ́ làwa ń ṣe é, a ò ní kí wọ́n fi wá jẹ profẹ́sọ̀.

Bàbá Àkọsílẹ̀: Irọ́! Ètò Dewey ti 1876 táwọn làíbìrì ń lò ń pín ìwé lórí ohun tí ìwé dá lé. Àkáífù ò rí bẹ́ẹ̀, ibi tí àkọsílẹ̀ ti wá là ń tẹ̀lé, a kì í da ti ẹnì kan pọ̀ mọ́ tẹlòmíì, ìlànà yẹn ti wà nílẹ̀ Faransé láti 1841. Kéèyàn tó tò ó, á wádìí ẹni tó kọ ọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe tó fi kọ ọ́, àti bó ṣe tò ó tẹ́lẹ̀. Tíyẹn ò bá jẹ́ ìwádìí, kí ló wá jẹ́?

Alákàtálọ́ọ̀gì: Mi ò bú wọn o, bàbá. Àmọ́ kátálọ́ọ̀gì náà gba ọpọlọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀. Mà, ṣé orúkọ yín wà lára ìwé atọ́nà yẹn? ISAD(G), ìlànà àgbáyé fún ṣíṣe àpèjúwe ohun tó wà ní àkáífù, ẹ̀dà kejì rẹ̀ tó jáde ní 2000 ní àyè kan, 3.7.1, fún bí wọ́n ṣe ṣe àpèjúwe náà àtẹni tó ṣe é.

Olùkọ́ Àkáífù: Ó wà níbẹ̀ gbangba. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló dùn mí jù, wọ́n ní kí n kọ ipa tí mo kó nínú iṣẹ́ náà àti ẹ̀rí pé àwọn èèyàn ń lò ó kí oṣù yìí tó parí. Mi ò dá wọn lóhùn. Ṣé ẹ̀tọ́ mi ni mo fẹ́ máa tọrọ?

Aláìbẹ̀rù: Háà! Wọn ò tíì kọ̀ yín nìyẹn!

Bàbá Àkọsílẹ̀: Ọmọ mi, ọ̀nà ni wọ́n ṣí fún ọ yẹn o. Ìkéde DORA lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí, tó ti San Francisco wá ní 2012, ní kí wọ́n ka gbogbo èso ìwádìí, kì í ṣe pépà nìkan. Wò ó bóyá yunifásítì yín fọwọ́ sí i, kó o fi sínú èsì rẹ.

Olùkọ́ Àkáífù: Ẹ ṣé bàbá, ṣùgbọ́n ará físíìsì yẹn ṣì gbọ́dọ̀ bẹ̀ mí. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ẹ̀rí báyìí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ wá orúkọ àkójọ náà lórí Google Scholar, kẹ́ ẹ sì wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé nínú tíísìsì àwọn tó lò ó. Ẹ bèèrè ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí ní yàrá ìkàwé lọ́wọ́ ilé àkáífù náà, iye ìgbà tí wọ́n gbé àwọn àpótí yẹn jáde á wà níbẹ̀. Ẹ lọ lónìí mà.