Furnace wa ń kú bí òtútù bá ti le: ṣé páìpù omi ni àbí switch?

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará. Chicago là ń gbé. Furnace onígáàsì ilé wa, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí òtútù ò bá pọ̀, àmọ́ tó bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo Fahrenheit lóru, ó parí. Fáànù kékeré inú rẹ̀ á máa kùn, iná ò ní ràn, gílóòbù pupa á wá máa ṣẹ́jú. Àlàyé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí rẹ̀ ní pressure switch ni, ìyẹn switch tí kì í jẹ́ kí iná ràn bí afẹ́fẹ́ ò bá gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa.

Mo ti pààrọ̀ fílítà àti bátìrì thermostat (èyí tá a fi ń ṣètò bí ilé ṣe máa gbóná tó), mo sì ti gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù funfun méjèèjì tó yọ síta. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni páìpù tó ń gbé omi tó ń kóra jọ nínú furnace náà jáde, torí inú gáréèjì tútù ló gbà kọjá. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó le gbagidi. Ẹni tó wá wò ó ní ká ra switch tuntun, owó ńlá sì ni. Ìyá ọkọ mi àti ọmọ jòjòló wà nílé, ọkàn mi ò balẹ̀.

Ṣé omi tó dì yẹn lè mú kí switch má jẹ́ kí iná ràn, àbí òun fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.