Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: owó báńkì ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń fẹ́, wọn ò fẹ́ ẹ̀kọ́

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìyàrá

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin kan níbí. Àwa mẹ́rìnlélógún ni. Gàrí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń yan, àwọn mẹ́fà ń ṣe epo pupa, àwọn yòókù ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń wá fi ọkọ̀ kó o. Báńkì máíkírófáínáǹsì kan, ìyẹn báńkì kékeré tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó, ti gbà láti yá ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦100,000. Oṣù mẹ́fà la ó fi san án, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n sì ní èlé rẹ̀ jẹ́ 3% lóṣù. Mo ní ká kọ́kọ́ jókòó kọ́ nípa owó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ká tó fọwọ́ síwèé. Ariwo ta. Ìyá àgbà kan dìde, ó ní, “Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń tajà. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní owó kíkà?” Mi ò rí èsì fọ̀, torí òótọ́ ló sọ.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a yá irú owó yìí níbòmíràn. Wọ́n kó wa lọ sí Kábà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ ń sọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fún wa ní ìrẹsì, wọ́n fún wa níwèé ẹ̀rí, a ya fọ́tò, a padà sílé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ẹni mẹ́rin ò rí owó san mọ́. Àwa tá a dúró fún wọn la san án. Ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò ìyá mi, kò tíì tẹ ilé wa láti ìgbà náà.

Irú ẹ̀kọ́ wo ló máa ń wọ àwọn obìnrin létí, pàápàá àwọn tí kò mọ̀wé? Ta ló yẹ kó kọ́ wọn? Ṣé kí n tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n gba owó yìí?

Ọmọ Mọ́pà

Ẹ kú ìnira, Àǹtí. Mo ṣe iṣẹ́ agbowó fún irú báńkì bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ẹ bi wọ́n lórí ohun tí wọ́n ń ka èlé yẹn lé. Bó bá jẹ́ orí gbogbo ₦100,000 títí di oṣù kẹfà, bí ẹ tilẹ̀ ti ń dá owó padà, ₦3,000 lọ́nà mẹ́fà, ₦18,000 nìyẹn. Bó bá jẹ́ orí èyí tó ṣẹ́kù lọ́rùn yín nìkan, tí ẹ sì ń dá ìdá kan nínú mẹ́fà padà lóṣooṣù, ₦10,500 ni. “3%” kan náà ni wọ́n máa pe méjèèjì.

Ẹ tún bèèrè iye tó máa wọ ọwọ́ yín gan-an. Àwọn mìíràn máa ń yọ owó ìfipamọ́ kúrò ṣáájú. Bí wọ́n bá yọ ₦10,000, ₦90,000 lẹ máa gbé lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n èlé ₦100,000 lẹ ó máa san. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí ẹ máa gbà àti iye tí ẹ máa dá padà lápapọ̀ sílẹ̀ lórí ìwé. Bó bá jẹ́ ₦118,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, díẹ̀ ló fi dín ní ₦5,000 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá kan rí títí ilẹ̀ fi ṣú nítorí ₦2,500. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò mí. Ìdí tí mo fi fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú

Akọ̀wé, o kú iṣẹ́. Ọmọ mi, má pè é ní ẹ̀kọ́ níwájú wọn. Ilé ìyangàrí ni kó o ti ṣe é, kì í ṣe gbọ̀ngàn.

Bí a ṣe ṣe tiwa nìyí. Mo da ẹ̀wà sínú igbá, mo ní hóró kan dúró fún ẹgbẹ̀rún náírà kan. Mo wá ní kí ìyá kan ka gbogbo owó tó ná sí gàrí tó yan kẹ́yìn síta: ẹ̀gẹ́, ẹni tó bá a bó o, owó ẹ̀rọ, igi ìdáná, àpò, owó ọkọ̀. Ó ń sọ ọ́, a ń ka hóró. Ó di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ní òun tà á ní mẹ́rìndínlógójì. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, márùn-ún ló jèrè! Mo wá bi í pé, owó ata àti ẹja tó o rà lọ́nà ilé lọ́jọ́ tó o tà á ńkọ́? Ó ronú, ó mú hóró mẹ́ta kúrò. Ó ku méjì. Gàrí ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn o, kò sì tíì ka èyí tí àwọn ọmọ fi mumi nílé.

Mo to hóró márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì yẹn, mo ní èyí ni báńkì máa wá gbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kó má yáwó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun ò ní gbà ju ₦30,000 lọ, ó sì san án tán.

Ìyá àgbà tó dá ọ lóhùn yẹn, òun ni kó o fi ṣe olùkọ́. Obìnrin tó ti tajà láti ìgbà yẹn mọ ẹni tí a kì í tajà fún láwìn. Ìwọ máa bá a ka ẹ̀wà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ẹ̀gbẹ́

Mo gba ti ẹ̀wà, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ wọn ní nọ́ńbà kíkọ pẹ̀lú, láti òdo dé mẹ́sàn-án péré. Mo ti rí káàdì tí wọ́n fi ń kọ owó tí èèyàn bá san fún báńkì, tí owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò sí nínú rẹ̀, ìyá náà sì búra pé òun san án. Bóyá ó san án, bóyá kò san án, kò ní ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó fún nọ́ńbà. Ẹ má dúró de àbídí.

Ìyá Dámi

Ẹ pe àwọn ọkọ wọn náà fún ọjọ́ kan. Páànù ilé ni owó tèmi bá lọ lọ́dún tí mo yáwó. Ọkọ mi ò jà mí lólè o, ó ṣáà rò pé owó ilé ni, kò mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ọmọ Ògìdì

Ìlànà kí wọ́n máa pín àwọn tó ń yáwó sí ẹni márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì máa san án lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Bangladesh ló ti tàn kálẹ̀, lọ́dọ̀ Grameen Bank ti Muhammad Yunus, èyí tó di báńkì ní 1983. Ó bá ẹni tó ń din àkàrà mu, torí ojoojúmọ́ lowó ń wọlé fún un. Àwọn oníkajú yín ńkọ́? Láti bíi oṣù kejì dé oṣù karùn-ún ni kajú ń jáde lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá gba owó lóṣù kẹrin, kí ló máa fi san ti oṣù kẹjọ? Ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn onígàrí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, ní 1991, àjọ aṣèrànwọ́ CARE bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n á ṣe máa fi owó ara wọn yá ara wọn. Wọ́n ń lo àpótí oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ti ń ṣí i. Èlé tí ẹni tó yáwó bá san, inú àpótí náà ló ń padà sí, wọ́n á pín in lópin ọdún. Àjọ tí ìyá wa ń dá náà ni, yíyá àti èlé ló fi yàtọ̀.

Ọmọ Mọ́pà

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá pọ̀ nínú àpótí, kó lọ sí báńkì tí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, fún níwèé àṣẹ. Láti 2024, bí báńkì máíkírófáínáǹsì bá dẹnu kọlẹ̀, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, máa san owó ìfipamọ́ oníbàárà padà títí dé mílíọ̀nù méjì náírà. ₦200,000 ni tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìyàrá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pe báńkì náà láàárọ̀ yìí. Orí gbogbo ₦100,000 ni wọ́n ń ka èlé lé, wọ́n sì máa yọ ₦10,000 ṣáájú, bí Ọmọ Mọ́pà ṣe sọ gẹ́lẹ́. Mo ní kí wọ́n fún wa ní oṣù méjì sí i ká tó fọwọ́ síwèé. Àwọn oníkajú ò sí nínú rẹ̀ mọ́, àpótí la máa fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Mo lọ kúnlẹ̀ bá ìyá àgbà lálẹ́ àná. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé ẹ̀wà mélòó ló yẹ kí òun sè kúrò kí òun tó mú èyí tí a máa kà. Ọjọ́ Sátidé ni, nílé ìyangàrí rẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá mi pé kó wá jókòó tì mí.