Nígbà tí kọ̀ǹpútà ti ń fi ìrísí purotéènì hàn, kí la tún ń yan ẹ́ńsáìmù láti ìran dé ìran fún?

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́mísìrì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. David Baker, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe purotéènì tuntun, ló gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2024, Demis Hassabis àti John Jumper sì pín ìdajì yòókù nítorí AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ti sọ bí ìrísí purotéènì tó lé ní 200 mílíọ̀nù ṣe lè rí. Ní 2018, Frances Arnold gba tirẹ̀ nítorí pé ó ń yí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tí ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yára, padà láìkọ́kọ́ mọ àyípadà tí yóò ṣàǹfààní, tí ó sì ń yan èyí tó bá dára jù láti ìran dé ìran. Kí ló dé tí wọn kò tíì pa ọ̀nà àtijọ́ yìí tì?

ÌyáLáàbù:
Ọmọ mi, má pè é ní ọ̀nà àtijọ́. Subtilisin, ẹ́ńsáìmù tí ń gé purotéènì, ni Arnold fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nínú DMF, olómi tí kì í bá ẹ́ńsáìmù lára mu. Ó da àyípadà sínú jíìnì rẹ̀, ó fi í sínú bakitéríà, ó sì ń wá èyí tí ó lè gé purotéènì inú wàrà níbi tí DMF bá wà. Èmi náà ti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí: abọ́ tí a po wàrà mọ́ máa ń funfun bí ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ́ńsáìmù bá ti lágbára, òrùka tó mọ́ gaara yóò yí bakitéríà ká, èyí tí òrùka rẹ̀ bá sì fẹ̀ jù la ó mú lọ sí ìran kejì, bí àgbẹ̀ ṣe ń ya àgbàdo tó yọmọ sọ́tọ̀ fún irúgbìn. Ní ìran kẹta, Arnold rí ọ̀kan tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po 256, àyípadà 10 ló sì wà lára rẹ̀. Ta ni ì bá jókòó ro gbogbo wọn pọ̀?

Apòògùn:
Òótọ́ ni Ìyá sọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà náà ní ipò tirẹ̀. Ẹ wo sitagliptin, oògùn àtọ̀gbẹ. Irin olówó iyebíye tí wọ́n ń pè ní rhodium ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ láti ṣe é, pẹ̀lú gáàsì haidirójìn tí wọ́n fi agbára tì mọ́ inú ìkòkò. Ẹ́ńsáìmù tí ilé-iṣẹ́ Codexis àti Merck kọ́kọ́ mú kò lè ṣe nǹkan kan sí èròjà tí wọ́n fẹ́ sọ di oògùn náà, nítorí pé èròjà yẹn tóbi ju ihò iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà lọ, ìyẹn ibi tí ẹ́ńsáìmù ti ń gbá èròjà mú láti yí i padà. Àwòrán kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi mọ ibi tí wọn yóò ti fẹ ihò náà, kí iṣẹ́ táṣẹ́rẹ́ lè bẹ̀rẹ̀; yíyàn láti ìran dé ìran ló wá sọ táṣẹ́rẹ́ náà di púpọ̀. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2010, oògùn tí wọ́n ń rí fi ìdá 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, pàǹtírí fi ìdá 19 dín kù, irin wúwo kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́mísìrì:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ìrísí nìkan kò lè sọ bí ẹ́ńsáìmù yóò ṣe yára tó?

ÌyáLáàbù:
Rárá. Purotéènì tó dúró sójú kan ni àwòrán yẹn ń fi hàn, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ a máa mì, a máa ṣí, a sì máa pa dé. Àyípadà kan tó jìnnà sí ihò iṣẹ́ lè mú un yára tàbí kí ó sọ ọ́ di aláìlágbára, inú abọ́ la sì ti máa ń rí i.